Wọ́n Kó Etíkun Wọn Lọ: Ọjọ́ Márùn-ún Tí Mo Lò Lọ́nà Hallsands

Ọjọ́bọ̀

Lọ́dún tó kọjá, màmá mi wọ ọkọ̀ ojú omi láti Igbókòdá lọ sí Ayétòrò, ìlú wa létí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n pè mí lórí fídíò, wọ́n ní kí n wá wo ilé tí wọ́n bí àwọn sí. Omi ni mo rí. Wọ́n na ìka sí ojú òkun, wọ́n ní, "Ṣé o rí ibi tí ọkọ̀ kékeré yẹn wà? Ibẹ̀ ni yàrá ìyá mi." Wọn kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, nínú ilé ìdáná mi ní London, tí ìrẹsì sì ń jóná lórí iná.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àwọn ìlú mìíràn tí òkun gbà lọ́wọ́ apẹja, bí ẹni tó ń wá ẹbí rẹ̀ kiri. Bí mo ṣe dé orí Hallsands nìyẹn. Abúlé apẹja ni, ní Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kìíní ọdún 1917 ni òkun wó o. Àmọ́ abúlé tí òkun wó pọ̀ láyé. Ohun tí mo kà nípa bí òkun ṣe rí ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará Hallsands ló jẹ́ kí n gba ìsinmi níbi iṣẹ́, kí n sì sanwó ọkọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin gbéra ní Paddington láàárọ̀. Títí a fi kọjá Exeter, pápá àti màlúù ni mo ń wò. Lójijì, òkun dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ní Dawlish, odi kan ṣoṣo ló wà láàárín ojú irin àti omi. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìjì wó odi náà, ilẹ̀ ṣí lọ lábẹ́ irin, irin sì rọ̀ dirodiro lófuurufú bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Bí oṣù méjì ni wọ́n fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe, tí ọkọ̀ tún ń kọjá. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé mi, mo fa ilà sí i nídìí. Odi tó bá gbé ọ̀nà owó ró, wọn kì í fi falẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Totnes, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kingsbridge. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, igbó ga lọ́tùn-ún lósì. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan ní láti fi ẹ̀yìn rìn. Ìyá onílé tí mo wọ̀ sí béèrè bóyá ìsinmi ni mo wá ṣe. Nígbà tí mo sọ pé Hallsands ni mo ń lọ, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Háà. Àwọn tí wọ́n kó òkúta wọn lọ." Wọ́n sì lọ gbé tíì wá.

Ọjọ́ Ẹtì

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kingsbridge wà nínú ilé ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1670. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí àwọn àwòrán àtijọ́. Ohun tí mo kà ní London kò fojú abúlé yìí hàn mí rárá. Àwòrán ló fi hàn mí.

Ilé kò jìnnà sí ara wọn. Àpáta ló wà lẹ́yìn wọn, òkun ló wà níwájú, ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la àárín wọn kọjá. Níwájú ilé, òkúta wẹẹrẹ tẹ́ lọ títí kan omi, ó gbòòrò débi pé wọ́n fa ọkọ̀ sí i, wọ́n sá àwọ̀n sí i, àyè sì tún ṣẹ́kù fún ọmọdé láti sáré. Mo wo òkúta yẹn títí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé àgbàlá lásán ni.

Ilé ìjọsìn kan ti wà ní agbègbè yẹn ó kéré tán láti 1506, àmọ́ ó jọ pé lẹ́yìn 1600 ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1891, ilé 37 ló wà níbẹ̀, èèyàn 159. Wọ́n ní ìsun omi tiwọn, wọ́n ní ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní London Inn. Akàn ni wọ́n ń pa jù. Níwájú abúlé ni òkìtì iyanrìn abẹ́ omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Skerries, ibẹ̀ ni akàn ti ń jẹ̀. Ìgèrè ni wọ́n fi ń mú un, ẹ̀ka igi tó rọ̀ ni wọ́n fi ń hun ún nígbà òtútù. Nígbà tí mo rí ìgèrè kan nínú àwòrán, mo rẹ́rìn-ín. Bákan náà ló rí pẹ̀lú ti ọ̀dọ̀ wa létí ọ̀sà: ẹnu rẹ̀ gbòòrò fún ẹni tó ń wọlé, kò sí ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ jáde.

Àwọn obìnrin ibẹ̀ wà nínú àwòrán náà pẹ̀lú. Wọ́n tò lórí okùn, wọ́n ń fa ọkọ̀ gòkè. Wọ́n ní obìnrin ibẹ̀ a máa pọn ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn la omi kọjá dé inú ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà má baà tutù kó tó lọ jókòó sójú omi. Wọ́n tún ní wọ́n kọ́ ajá láti lúwẹ̀ẹ́ pàdé ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ajá fi ẹnu gbé okùn wá fún àwọn tó wà ní èbúté. Ajá tó mọ iṣẹ́ okùn! Mo fẹ́ràn wọn láti ibẹ̀ lọ.

Mo sùn, mo lá àlá òkúta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bọ́ọ̀sì gbé mi dé Torcross, láti ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn. Táǹkì ogun dúdú kan wà ní ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òkun ní 1984. Lọ́dún 1943, wọ́n kó nǹkan bí 3,000 èèyàn kúrò ní àwọn abúlé àyíká yìí kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè fi etíkun Slapton kọ́ bí wọn yóò ṣe gúnlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1944, ọkọ̀ Jámánì yọ sí wọn lóru, ó ju 600 ọmọ ogun tó kú. Mo dúró díẹ̀, mo gbàdúrà, mo kọjá. Ọjọ́ tiwọn yàtọ̀ sí ohun tí mo bá wá.

Kí n tó gòkè, mo bojú wẹ̀yìn wo etíkun Slapton. Òkun iyọ̀ wà lápá kan, adágún omi dídùn wà lápá kejì, wọ́n sì súnmọ́ ara wọn gan-an. Òkúta wẹẹrẹ tí kò ga ju ilé alájà kan lọ ló pààlà láàárín wọn. Ìgbà yẹn ni ohun tí òkúta ń ṣe níbí ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ìgbì á dé, á fi gbogbo agbára rẹ̀ lu òkúta, òkúta á yí gbirigbiri, á gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀, omi á sì wọ inú àlàfo àárín wọn lọ. Ògiri líle kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri á dúró gbọn-in, á máa jẹ ẹ̀ṣẹ́ títí yóò fi là.

Ohun kan tún wà nípa òkúta yìí tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ wà á ti kọ́kọ́ béèrè. Kò sí odò tó ń gbé òmíràn wá rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí yìnyín ayé àtijọ́ yọ́, tí òkun kún, omi ló ti òkúta náà láti ìsàlẹ̀ òkun wá sí ẹ̀bá ilẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ogún ni, kì í ṣe owó oṣù. Ẹni bá ná an, ó ná an tán.

Láti Torcross dé Beesands kò ju máìlì kan lọ, àmọ́ òkè ni ọ̀nà náà gbà. Ní Beesands, wọ́n ti to àpáta ńláńlá síwájú ilé láti dá omi dúró. Mo ra ẹja àti ọ̀dùnkún díndín, mo jẹ ẹ́ lórí odi, mo tún gòkè. Máìlì kan mìíràn ni Hallsands. Kí o tó dé ibi tí abúlé wà gan-an, wàá kọ́kọ́ kan àwọn ilé kan tí wọ́n ń pè ní Mildmay Cottages. Frank Mildmay ni aṣòfin agbègbè yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọ inú abúlé mọ́. Òkè ya lulẹ̀ níbẹ̀ ní 2012, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé nítòsí jáde. Pẹpẹ kan ni wọ́n kàn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè fún àwọn tó bá fẹ́ wò ó. Mo dúró sórí rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀.

Àwọn ògiri tí kò ní òrùlé. Ojú fèrèsé tí ó ṣí sí ojú ọ̀run. Ibi ìdáná kan ṣì wà lára ògiri, tí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ kò sí mọ́, àpáta dúdú ló kù, omi sì ń wọ inú àpáta náà, ó ń jáde. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò rí òkúta wẹẹrẹ. Gbogbo ohun tí mo rí lánàá nínú àwòrán, ibi tí ọkọ̀ wà, ibi tí ọmọ ti ń sáré, omi ni.

Bàbá arúgbó kan wà lórí pẹpẹ náà pẹ̀lú ajá wọn. Mo kí wọn. Wọ́n fi ọ̀pá wọn hàn mí ibi tí London Inn wà, ibi tí ọ̀nà gbà. Nígbà tí mo sọ pé etíkun ni ìyá mi ti wá, pé òkun ń jẹ ìlú wa náà, wọ́n yí padà, wọ́n wò mí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Ta ló wa tiyín?" Mi ò mọ ohun tí mo máa fèsì.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mú ọgbà ọkọ̀ ogun wọn ní Devonport gbòòrò sí i ní apá Keyham, ní Plymouth. Iṣẹ́ náà yóò gba kọnkéré púpọ̀, kọnkéré sì ń fẹ́ òkúta àti yanrìn. Agbaṣẹ́ṣe tó ń jẹ́ Sir John Jackson ló ni iṣẹ́ náà. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun fún un ní ìwé àṣẹ pé kó wa òkúta níwájú Hallsands àti Beesands. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará abúlé léèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 1897, ọkọ̀ ńláńlá dé, wọ́n ju irin sísàlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Láìpẹ́, wọ́n ń kó tó 1,600 tọ́ọ̀nù lọ lójúmọ́. Bí típà tó ń gbé yanrìn kiri Èkó bá lè gbé 20 tọ́ọ̀nù, típà 80 nìyẹn, lójoojúmọ́, láti iwájú ilé èèyàn 159. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti kó 650,000 tọ́ọ̀nù.

Àwọn apẹja rí i kíákíá. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ gòkè lójoojúmọ́ kò nílò ìwọ̀n kankan láti mọ̀ pé ilẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un. Wọ́n kígbe. Mildmay gbé igbe wọn dé London. Ìjọba rán ọ̀gá kan wá wò ó. Ọ̀gá náà wò ó, ó ní kò jọ pé ewu kankan wà fún abúlé náà. Wọ́n ń wà á lọ. Èrò tó wà nílẹ̀ ni pé òkun fúnra rẹ̀ á dí ihò náà, á gbé òkúta mìíràn wá. Láti ibo?

Lábẹ́ àwọn ilé yẹn, àpáta ni, àmọ́ àpáta tó la níbi púpọ̀, òkúta wẹẹrẹ àti yanrìn ló kún inú àwọn ibi tó là. Bí òkúta iwájú ṣe ń lọ sílẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ ilé náà ń yọ́ jáde tẹ̀ lé e. Ìgbà ìwọ́wé ọdún 1900, òkun gbé apá kan odi wọn lọ. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú sí aṣòfin wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Kingsbridge kọ tiwọn sí ìjọba. Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá mìíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni yìí sọ òótọ́: bí ìjì líle mìíràn bá dé, ìbàjẹ́ ńlá lè ṣẹlẹ̀, kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1902 ni wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ náà.

Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ó lé ni wọ́n fi wà á.

Àwọn tó mọ etíkun gbà pé ìdúró náà ti pẹ́. Richard Hansford Worth, ẹnjiníà ará Plymouth tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilẹ̀ ibẹ̀, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, fi hàn pé òkúta tó lọ kò padà. Ìjì ọdún 1903 sí 1904 wó nínú ilé wọn, ó ba London Inn jẹ́. Wọ́n mọ odi tuntun. Odi náà gbìyànjú, ó dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ọ̀dọ́mọdé ibẹ̀ dàgbà lẹ́yìn rẹ̀, bóyá wọ́n tiẹ̀ ti ń rò pé ó ti tán.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 26 oṣù kìíní, 1917. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kò sí nílé. Ẹ̀fúùfù ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn, ọwọ́ tí Hallsands kọjú sí gan-an, omi sì kún dé góńgó lálẹ́ yẹn. Ìgbì ń gun orí odi, ó ń bọ́ sórí òrùlé, ó ń gba inú ihò èéfín wọlé. Ilẹ̀ yàrá ń là lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé arúgbó, wọ́n fi òkùnkùn gun òkè. Nígbà tí omi tún kún, ó padà wá parí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ilé kan ṣoṣo ni èèyàn ṣì lè gbé.

Ọdún méje ni wọ́n fi jà fún owó gbà-máà-bínú. Ní 1924 ni wọ́n fún wọn ní £6,000, gbogbo wọn pọ̀.

Ilé kan tó ṣẹ́kù yẹn, ti ìdílé Prettejohn ni. Elizabeth Prettejohn kọ̀, kò lọ. Ó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú adìẹ rẹ̀, ó ń sọ ìtàn abúlé fún ẹni tó bá wá, títí ó fi kú ní 1964. Ilé náà ṣì wà, mo rí i láti orí pẹpẹ, fèrèsé rẹ̀ mọ́. Ọdún 47 ni obìnrin yìí fi jẹ́ gbogbo èèyàn ìlú kan.

Àwọn obìnrin mìíràn tí mi ò lè fò kọjá ni àwọn ọmọ Trout. Mẹ́rin ni wọ́n: Patience, Ella, Clara àti Edith. Bàbá wọn kú, Patience àti Ella sì gba ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ń pa akàn bí ọkùnrin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1917, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí abúlé wó, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Newholm bú gbàmù nítòsí Start Point. Ella wà lójú omi pẹ̀lú ọmọdékùnrin ìbátan rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó wakọ̀ lọ síbẹ̀, ó fa atukọ̀ kan jáde nínú omi. Wọ́n fún un ní oyè OBE. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ìyá yìí kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sórí òkè, lókè orí ahoro abúlé wọn. Ilé náà ni mo kọjá lára rẹ̀ kí n tó dé pẹpẹ. Òkun gba ilé lọ́wọ́ wọn nínú oṣù kìíní, nínú oṣù kẹsàn-án wọ́n gba èèyàn lọ́wọ́ òkun. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin Ìlàjẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Mo rìn dé Start Point kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé iná tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1836 láti máa tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀, gbogbo etíkun náà hàn láti òpin dé òpin. Bí o kò bá mọ̀ pé abúlé kan wà níbẹ̀ rí, o kò ní í rí i.

Ọjọ́ Àìkú

Òjò. Mi ò jáde.

Mo pe màmá mi lẹ́yìn tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ títí dé orí Elizabeth Prettejohn àti adìẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ló gbowó òkúta náà?"

Mo ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọba ló ni ìsàlẹ̀ òkun, ìjọba ló ń bá a mójú tó o, ìjọba ló sì fúnni níwèé àṣẹ.

"Ọba ló ni ín," ni wọ́n wí. "Ọba mélòó ló mọ orúkọ ẹja tó wà níbẹ̀?"

Mo fi ìbéèrè bàbá arúgbó yẹn lọ̀ wọ́n: ta ló wa tiwa? Màmá mi dákẹ́. Ayétòrò kì í ṣe Hallsands. Àwọn onígbàgbọ́ Ìlàjẹ ló tẹ̀ ẹ́ dó ní oṣù kìíní ọdún 1947, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan ni wọ́n ń kó owó sí. Wọ́n kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n fa iná mànàmáná wọ ìlú nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Etíkun Máhin kò ní òkúta, yanrìn gan-an ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ kì í sì í bá ìgbì jà pẹ́. Kò sẹ́ni tó wá fi ọkọ̀ bu òkúta wa. Àmọ́ ní apá Awóyè, àwọn elépo gbẹ́ ọ̀nà omi ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó pa igbó, ó pa ẹja omi dídùn. Ní ti Ayétòrò fúnra rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ odi òkun jáde ní 2004, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn ní 2009.

"Mi ò tíì rí odi kankan," ni màmá mi wí. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ òtútù.

Ọjọ́ Ajé

Àbúrò mi, ọmọ àbúrò màmá mi, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Plymouth. Ó wá gbé mi ní Kingsbridge. Ó rò pé mo fẹ́ wo ìlú. Mo ní kó gbé mi lọ sí Devonport.

"Àńtí, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ọgbà ọkọ̀ ogun ni, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé."

Mo ní mi ò fẹ́ wọlé. Mo fẹ́ wo ògiri.

Ọkọ̀ kan wà tí ń gbé èèyàn àti mọ́tò la odò Tamar kọjá sí Torpoint, ẹ̀wọ̀n irin ló ń fà á lọ fà á bọ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ kì í sanwó. A páàkì mọ́tò, a wọ̀ ọ́, mo sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkè odò. Bí ọkọ̀ ṣe kúrò ní bèbè, ọgbà náà ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Ògiri tó ń wọnú omi, èbúté lẹ́yìn èbúté, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù dúró gàgàrà, ọkọ̀ ogun aláwọ̀ eérú. Ní 1907 ni wọ́n ṣí apá Keyham yẹn. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, kò sì jọ pé ohunkóhun ṣe é.

Mo sọ fún àbúrò mi pé abúlé tí mo lọ wò nìyẹn. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń dà á láàmú. Mo ṣàlàyé. Ó wo ògiri náà, ó wò mí.

"Ẹ ní òkúta iwájú ilé wọn ló wà nínú kọnkéré yẹn?"

"650,000 tọ́ọ̀nù."

"Ẹni tó wà á ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé àwọn ará Devonport dìbò yan Sir John Jackson ní 1910, ó sì ń ṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin títí di 1918. Nítorí náà, lálẹ́ tí Hallsands wó, aṣòfin ni. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ká ọwọ́ sí àyà títí a fi gúnlẹ̀ sí Torpoint.

A kò sọ̀. A dúró sínú ọkọ̀ náà kó lè gbé wa padà. Mo pe màmá mi lórí fídíò, mo yí fóònù sí ojú odò, mo na ìka sí ògiri ọgbà náà bí wọ́n ṣe na tiwọn sí mi láti Ayétòrò.

Wọ́n súnmọ́ fóònù wọn. "Kí ni mò ń wò?"

"Iwájú ilé wọn nìyẹn, Màmá."

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí n mú ọwọ́ mi dúró kó má gbọ̀n, àwọn kò tíì rí i tán.